Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ wíìfù sílé: èwo ni kí n mú, báwo ni kí n sì ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Morẹ́nikẹ́ (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin aránṣọ ẹlẹgbẹ́ mi. Inú ilé ni mo ti ń ránṣọ, mi ò ní ṣọ́ọ̀bù. Tàwọn ọmọ, ti bàbá wọn, tàwọn àbúrò mi àti ti aládùúgbò kan tàbí méjì ni mo ń rán. Ẹ̀rọ Butterfly tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ni mo ní, kò sì tíì já mi kulẹ̀ rí. Ohun tó sú mi ni ọ̀rọ̀ wíìfù, ìyẹn fífi òwú di etí aṣọ nínú kó má baà tú. Aṣọ tí mo bá rán, àfi kí n dì í lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wíìfù lọ́jà, kí n tò sẹ́yìn àwọn téló tó kó ẹrù wá ju tèmi lọ. Bó bá jẹ́ pé mo tú apá kan tún un rán, mo tún di ẹrù padà. Òwú tó bá sì wà lórí ẹ̀rọ wọn lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n máa fi ṣe é. Mo ti gba aṣọ funfun tí wọ́n fi òwú dúdú wíìfù nínú.

Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní kí n jẹ́ kí òun ra Brother 1034D fún mi, olówùú mẹ́rin. Obìnrin kan ládùúgbò wa náà ń ta kékeré dúdú tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn téló yẹn, tàbílì àti mọ́tọ̀ rẹ̀ wà pẹ̀lú. Àǹkárá ni mo ń rán jù, àti yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ, léèsì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rán jáséè àti aṣọ tó ń fà fáwọn ọmọ. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé, iná ò sì dúró. Èwo ni kí n mú? Wọ́n tún ń dẹ́rù bà mí pé kíki òwú bọ̀ ọ́ lè gba odidi ọjọ́, pé ọ̀bẹ rẹ̀ sì máa ń gé aṣọ dànù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Aránṣọ Òkè-Àdó

Ìyá Morẹ́nikẹ́, ẹ mú kékeré dúdú yẹn, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Òwú mẹ́ta, abẹ́rẹ́ kan, lúpà méjì (apá irin tó ń gbé òwú yí etí aṣọ), ó parí. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe mọ inú rẹ̀ dáadáa, ẹ̀yà ara rẹ̀ kún ọjà, ọ̀bẹ rẹ̀ ò wọ́n. Bí iná bá lọ, wọ́n lè bá yín gbé e sórí ẹsẹ̀ irin kí ẹ máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ta ló máa bá yín wá ẹ̀yà ara ti Amẹ́ríkà bó bá bàjẹ́?

Fọláṣadé Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀gbọ́n mi ará Òkè-Àdó, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ ò ka ibi tí wọ́n ti ní àwọn fẹ́ rán jáséè. Kékeré dúdú yẹn ò ní differential. Nínú ẹ̀rọ ilé tó ní in, eyín tó ń fa aṣọ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ pín sí méjì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, bọ́tìnì kan sì wà tí ẹ lè fi yí i láti 0.7 dé 2.0. Bí ẹ bá gbé e sí 1.5 fún jáséè, eyín iwájú á máa ti aṣọ wọlé ju bí ti ẹ̀yìn ṣe ń gbé e jáde lọ, etí aṣọ á sì tẹ́ jẹ́ẹ́ láìrú gùdùgùdù. Aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ ti fẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ rárá, ohun tó fà á nìyẹn.

Abẹ́rẹ́ méjì tó wà lára olówùú mẹ́rin tún ṣe pàtàkì. Abíyá àti ìdí ṣòkòtò ọmọdé, ibi tí wọ́n ti ń fà á nìyẹn, ìlà méjì ló sì ń di ojú rírán mú níbẹ̀. Bí ẹ bá yọ abẹ́rẹ́ kan, ó tún di olówùú mẹ́ta fún àǹkárá yín: ẹ jẹ́ kí ti òsì wà níbẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ kó fẹ̀, ti ọ̀tún bí ẹ bá fẹ́ kó tín-ín-rín.

Ẹni tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà gbọ́dọ̀ ro ariwo. Tèmi, mo máa ń lò ó lálẹ́ nígbà tí ọmọ ń sùn nínú yàrá kejì.

Bàbá Yúnífọ́ọ̀mù (Abẹ́òkúta)

Gbogbo yín ń lọ yíká. Tókunbọ̀ ńlá ni kó rà, èyí tí ilé iṣẹ́ ńlá ti lò lókè òkun. Ó máa ń rán ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún ojú abẹ́rẹ́ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ̀rọ ilé ò ju 1,300 sí 1,500 lọ. Òun náà ní differential. Ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan, ó di ti ọmọ ọmọ.

Ẹlẹ́rọ Kúnlé (Èkó)

Títún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe niṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bàbá, fún ẹni tó ń rán yúnífọ́ọ̀mù ogójì lẹ́ẹ̀kan, òótọ́ lẹ sọ. Fún ìyá ọmọ tó ń ránṣọ ní pálọ̀, ó pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ tókunbọ̀ ńlá ló bá mọ́tọ̀ clutch wá, èyí tó máa ń kùn tó sì ń jẹ iná láti ìgbà tí ẹ bá ti tàn án, ẹ ì báà máà fọwọ́ kan aṣọ. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó nílé, kó pààrọ̀ rẹ̀ sí mọ́tọ̀ servo, tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nìkan ló ń yí. Ẹ̀rọ náà wúwo pẹ̀lú, ẹ ò lè gbé e kúrò lójú kan.

Brother 1034D ti Amẹ́ríkà: ìyá, kí àbúrò yín tó sanwó, ẹ gbọ́ o. Iná 120 volt ni wọ́n ṣe é fún. Tiwa níbí jẹ́ 220 sí 240. Ẹni tó bá kì í bọ ògiri wa tààrà, mọ́tọ̀ rẹ̀ á jóná. Adapter kékeré tó ń yí ẹsẹ̀ pulọ́ọ̀gì padà ò yí agbára iná padà o, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé ẹ̀rọ jíjóná wá bá wa. Ẹ nílò transformer step-down tó ń sọ 240 di 120, kí wáàtì tó wà lára rẹ̀ sì ju èyí tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀rọ lọ dáadáa. Bí ẹ bá rí ẹni tó máa bá yín rà á ní ìlú òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, ó sàn jù: iná wọn bá tiwa mu, pulọ́ọ̀gì wọn náà bá tiwa mu.

Kékeré dúdú: ẹ̀rọ tó lágbára ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ti aládùúgbò yín yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi mọ́tọ̀ dán an wò fún yín lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ fọwọ́ yí wíìlì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, sí apá ibi tó ń yí sí, kí ẹ tẹ́tí sí i. Bó bá há níbì kan tó tún tú, lúpà kan ń kan nǹkan. Ẹ ṣí iwájú rẹ̀, kí ẹ fi èékánná wọ́ ẹnu lúpà méjèèjì láti ìdí dé orí. Ibi tó bá há mọ́ èékánná yín ti họ, ibẹ̀ ni òwú á máa já. Kí ẹ mú aṣọ tiyín lọ, àǹkárá fẹ́lẹ́ kan, jáséè kan, àti ibi tí aṣọ ti pa pọ̀ nípọn. Ẹni tó ń tà á máa ń ní ègé aṣọ tirẹ̀ tí ẹ̀rọ ti mọ̀.

Ìyá Morẹ́nikẹ́

Olúwa á bù kún un yín, Bọ̀dá Kúnlé. Mo ti ní kí àbúrò mi dáwọ́ dúró ná. Lọ́jọ́ Sátidé ni mo máa lọ wo ti aládùúgbò. Kí ni kí n ṣe sí ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ? Ṣé kí n rán aṣọ tán kí n tó wíìfù ni, àbí kí n wíìfù kí n tó rán?

Táíwò Onípátánì

Àǹtí, ìwúlò ẹ̀rọ yìí gan-an ni pé ó ń rán, ó ń gé, ó sì ń wíìfù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ pa iwájú pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ẹ tì í wọlé, ó tán. Èmi kì í fi stréètì, ìyẹn ẹ̀rọ ìránṣọ lásán, rán ẹ̀gbẹ́ aṣọ mọ́. Inú aṣọ mi mọ́ tónítóní.

Àdùkẹ́ Téló (Òṣogbo)

Táíwò, àbúrò mi, mi ò fara mọ́ ọn, àgàgà fún àǹkárá àti léèsì. Aṣọ tí èèyàn ná owó lé lórí nílẹ̀ wa kì í ṣe ti ọdún kan. Ẹni tó wọ aṣọ ẹbí lónìí lè sanra, lè lóyún, lè gbé e fún àbúrò rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí téló tó mọṣẹ́ fi ń fi aláwáǹsì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, íǹṣì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a lè tú u sílẹ̀ lọ́la. Ọ̀bẹ ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá pa iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀ tí ẹ wíìfù ẹ̀gbẹ́ ìlà, gbogbo ohun tó kọjá ibẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀. Aṣọ náà ò ṣeé tú mọ́ láéláé, oníbàárà á sì dá a padà fún yín.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí, ìyá Morẹ́nikẹ́. Lẹ́yìn tí mo bá ti gé àǹkárá, kí n tó pa ohunkóhun pọ̀, mo máa wíìfù etí ègé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, èjìká, àti àárín ẹ̀yìn ibi tí síìpù máa wà. Mi ò kì í wíìfù ọrùn, nítorí fésììn tàbí láínììn máa bò ó. Mo máa mú etí aṣọ rìn ní ẹnu ọ̀bẹ gẹ́lẹ́, kó jẹ́ pé irun òwú tó yọ nìkan ló ń fá. Nígbà náà ni mo wá máa fi stréètì rán an, tí mo sì máa fi áyọ́ọ̀nù la ojú rírán sí méjì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí n tú u, ìlà stréètì nìkan ni mo máa tú, wíìfù ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Nípa pínnì: ẹ má fi pínnì kankan sún mọ́ ẹ̀rọ yìí. Ọ̀bẹ á gé e, ẹnu ọ̀bẹ á sì fọ́, ègé irin lè ta sí yín lójú. Pẹ́ẹ̀gì kékeré tí a fi ń sá aṣọ tó, ẹ máa yọ ọ́ bó ṣe ń súnmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Kí ẹ sì máa wo abẹ́ aṣọ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Apá aṣọ tó bá ká wọlé lábẹ́ ni ọ̀bẹ máa ń lù níhò, kì í ṣe èyí tí ẹ ń wò.

Táíwò Onípátánì

Mo gbà fún gáùn àti bùbá, Àǹtí Àdùkẹ́. Ṣùgbọ́n pijámà ọmọdé ńkọ́? Ta ló ń tú pijámà sílẹ̀?

Àdùkẹ́ Téló (Òṣogbo)

Pijámà, síńgílẹ́ẹ̀tì, gbogbo aṣọ tó ń fà, ẹ pa á pọ̀ wíìfù, mo fọwọ́ sí i. Abíyá pẹ̀lú, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi stréètì rán apá mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n yúnífọ́ọ̀mù, bí mo ṣe ń ṣe àǹkárá ni kí ẹ ṣe é. Ọmọ tó wọlé ní September ti ga kó tó di July, àfi kí ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣeé tú.

Fọláṣadé Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ jẹ́ ká padà sórí òwú, torí ẹ̀rù rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣí ẹ̀rọ wọn kúrò nínú páálí.

Ẹ̀rọ tuntun sábà máa ń bá òwú tó ti wà lára rẹ̀ dé. Ẹ má fà á yọ. Ẹ gé e nítòsí ìdí kónù (ìdì òwú ńlá), ẹ gbé òwú tiyín síbẹ̀, ẹ so méjèèjì pọ̀ ní kókó kékeré. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sókè, ẹ yí tẹ́ńṣọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (bọ́tìnì tó ń fún òwú tàbí tó ń dẹ̀ ẹ́) sí òdo, kí ẹ wá rọra fa òwú àtijọ́ láti ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́ àti lúpà títí tiyín á fi jáde. Ti lúpà á gba ihò rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́. Ti abẹ́rẹ́ ò ní gbà: bí kókó bá ti dé ẹnu abẹ́rẹ́, ẹ gé e, kí ẹ fọwọ́ ki í. Ẹ dá tẹ́ńṣọ̀n padà sí 4, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ láìfi aṣọ sí i títí ìrù òwú lílọ́ á fi máa jáde lẹ́yìn.

Bó ti wù kó rí, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ki í látìbẹ̀rẹ̀, torí òwú á já lọ́jọ́ kan. Ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá ẹ̀rọ wá ló ń bá èèyàn ṣe é. Lúpà òkè ni wọ́n ń kọ́kọ́ kì, lẹ́yìn náà ti ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà abẹ́rẹ́ ọ̀tún àti ti òsì.

Ẹlẹ́rọ Kúnlé (Èkó)

Àtúnṣe díẹ̀, Fọláṣadé. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ń bẹ̀rẹ̀ láti lúpà òkè. Àwòrán aláwọ̀ mèremère tó wà nínú ìlẹ̀kùn iwájú ẹ̀rọ ni kí wọ́n tẹ̀ lé, torí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ohun tí kì í yí padà ni pé abẹ́rẹ́ ló ń kẹ́yìn.

Bí òwú lúpà ìsàlẹ̀ bá já lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ yọ òwú kúrò lójú abẹ́rẹ́ méjèèjì, ẹ ki ti ìsàlẹ̀, kí ẹ tó wá ki abẹ́rẹ́ padà. Ẹni tó bá fi òwú abẹ́rẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, òwú méjèèjì á kọ́ra lábẹ́, gbàrà tó bá tẹ ẹ̀rọ ni yóò tún já. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ wá bá mi pé ó ń já òwú ṣáá, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò nìyẹn, kí n tó tú bóòtù kankan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Mo fẹ́ fi ti tẹ́ńṣọ̀n kún un. Ẹ wá òwú mẹ́rin tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra, kí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan bá èyí tí wọ́n fi sàmì sójú ọ̀nà rẹ̀ mu. Ẹ wíìfù ègé àǹkárá kan, kí ẹ wò ó níwájú àti lẹ́yìn. Bí òwú lúpà òkè bá gba etí aṣọ kọjá lọ sẹ́yìn, ó dẹ̀ jù, ẹ fún un díẹ̀, tàbí kí ẹ dẹ ti ìsàlẹ̀. Bí ti ìsàlẹ̀ bá gun iwájú wá, òdìkejì ni. Etí aṣọ gan-an ni kí méjèèjì ti pàdé. Bí etí aṣọ bá wá ń ká kò sínú òwú, aṣọ tí ọ̀bẹ fi sílẹ̀ ló pọ̀ jù fún ìbú òwú náà, ìbú gígé ni kí ẹ yí, ẹ fi tẹ́ńṣọ̀n sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ di aṣọ méjèèjì mú, ẹ fà wọ́n sí ọ̀tún àti òsì. Bí òwú bá yọ láàárín wọn bí àkàbà, abẹ́rẹ́ òsì ló dẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí, kí ẹ tún dán an wò kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn. Ẹ fi ìwé kọ nọ́ńbà tí ẹ bá bá a dé fún àǹkárá, fún jáséè, fún ṣífọ́ọ̀nù, kí ẹ lẹ ègé aṣọ náà mọ́ ọn.

Ìyá Aláṣọ-Òkè (Ìsẹ́yìn)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làálàá. Léèsì ni ẹ ò tíì dé. Léèsì olókùúta, kí ẹ tó fi wọ ẹ̀rọ wíìfù, ẹ fi ẹ̀mú fọ́ gbogbo òkúta tó wà lójú ọ̀nà ọ̀bẹ, kí ẹ gbọn aṣọ náà dáadáa. Òkúta kan ṣoṣo lè ba ọ̀bẹ jẹ́, owó ọ̀bẹ sì ju owó abẹ́rẹ́ lọ.

Aṣọ-òkè ní tirẹ̀ máa ń tú láti ibi tí ẹ bá ti gé e ní ìbú, òwú á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi pàdánù íǹṣì kan. Ẹ má gbé e sábẹ́ wíìfù bẹ́ẹ̀. Ẹ lẹ gum stay (aṣọ tí a ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ aṣọ) tó tín-ín-rín mọ́ etí tí ẹ gé, tàbí kí ẹ fi stréètì gba etí rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó wíìfù. Ẹ jẹ́ kí gígùn ojú abẹ́rẹ́ wà ní 3 tàbí 4, ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Etí tí ahunṣọ ti hun parí, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kò nílò wíìfù.

Ìyá Morẹ́nikẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, màmá. Mo lọ wo ẹ̀rọ aládùúgbò lánàá. Wíìlì rẹ̀ yí wọ́ọ́rọ́, lúpà rẹ̀ ò họ. Ó wíìfù àǹkárá dáadáa, kódà mo fẹ́ràn bó ṣe mọ́. Jáséè ni mo wá fi sí i, ó rú látòkè délẹ̀, mo sì fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ nílé, kò padà. Ariwo mọ́tọ̀ rẹ̀ náà gba gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n ará Òkè-Àdó, ẹ má bínú sí mi, ẹ̀rọ gidi ni, ṣùgbọ́n olówùú mẹ́rin ni mo máa mú. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ń bọ̀ láti Manchester ní oṣù kejìlá, òun ló máa bá mi rà á níbẹ̀, kí n má wá transformer kiri. Ó kù ohun kan: ṣé ó ń gba epo? Irú epo wo?

Aránṣọ Òkè-Àdó

Kí ló máa bí mi nínú? Ẹ ti dán an wò fúnra yín, ẹ sì rí i. Ẹ sọ fún obìnrin náà pé kó má dín owó rẹ̀ kù o, mo mọ ẹni tó ń wá irú rẹ̀.

Ẹlẹ́rọ Kúnlé (Èkó)

Ẹ ka ìwé tó bá a wá, wọ́n á sàmì sí ojú ibi tí epo ń dé, bó bá nílò rẹ̀. Epo ẹ̀rọ ìránṣọ funfun tó mọ́ gaara ni. Ẹ má fi epo ọkọ̀ sí i, ẹ má fi òróró ìdáná sí i rárá, torí á dì mọ́ inú lúpà. Ẹ̀kán kan tó lójú ibi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wíìfù ègé aṣọ dànù lẹ́yìn rẹ̀ kí epo má baà kan aṣọ ẹni ẹlẹ́ni. Èyí tó ṣe kókó ju epo lọ ni pàǹtí aṣọ. Ẹ ṣí iwájú rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a jáde, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á jẹ́ kó dípata.

Kí ìyàwó àbúrò ọkọ yín tún ra abẹ́rẹ́ sí i, kó wo irú èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀rọ náà. Àwọn kan ń lo abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ilé lásán, àwọn kan ní tiwọn lọ́tọ̀. Nọ́ńbà 11 fún aṣọ fẹ́lẹ́, 14 fún àǹkárá tó nípọn.

Àdùkẹ́ Téló (Òṣogbo)

Kí ẹ̀rọ tó dé, ẹ lọ ra kónù ní Dùgbẹ̀: funfun, dúdú, eérú, àti kíríímù. Àwọ̀ mẹ́rin yẹn gba gbogbo aṣọ. Bí oníbàárà bá wá fẹ́ kí òwú bá aṣọ mu gẹ́lẹ́, ẹ má ra kónù mẹ́rin. Ẹ ra kónù méjì fún lúpà, àwọn ló ń jẹ òwú jù. Ẹ fi Butterfly yín wé òwú kan náà sínú bọ́bììnì méjì, kí ẹ gbé bọ́bììnì náà sórí igi kónù fún abẹ́rẹ́ méjèèjì. Kó má kún àkúnjù, kó lè máa yí wọ́ọ́rọ́.